Ríra ọkọ̀ tuntun láti Kabba: ìfiwéra dílà, ìlú àti ọ̀nà ìsanwó kí ẹ tó nájà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun ní Kabba, Isanlu tàbí Iyara mọ̀ pé ìrìn-àjò wà níbẹ̀. Abuja lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ. Àwọn ará Egbe àti Odo-Ere a máa yà sí Ìlọrin, àwọn tó sì lẹ́bí l'Ékòó á ní kí ẹ̀gbọ́n bá àwọn wò ó lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kálukú á ti mú iye kan dé, ọ̀rọ̀ á sì dojú rú. Ọ̀kan ti ka VAT mọ́ tirẹ̀, èkejì ò kà á. Ọ̀kan ní nọ́ńbà àti pátíkúlà nínú, èkejì ní ọkọ̀ lásán lòun ń tà. Ẹni tó bá gbé irú iye bẹ́ẹ̀ síra wọn, tó wá ní «ti Èkó ló pọ́ọ́kú», kò tíì fi nǹkan kan wé nǹkan kan.

Iye kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ fi nájà: gbogbo owó tó máa ti jáde lápò yín lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, tòun ti nọ́ńbà àti ìwé rẹ̀ ní orúkọ yín. Iye àdélé la ó máa pè é níbí, a ó sì ka owó sáfíìsì mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀, òun là ń wá.

Ta ló ń tà á?

Òǹtajà mẹ́ta lẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni dílà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fọwọ́ sí, irú bíi Elizade, Mandilas àti R.T. Briscoe tó ń ta Toyota, tàbí Innoson tó ń to ọkọ̀ tirẹ̀ ní Nnewi. Èkejì ni oníṣọ́ọ̀bù aládàáni, tó ń kó ọkọ̀ tuntun, ìyẹn tíà rọ́bà, wọlé fúnra rẹ̀ láti Dubai, Amẹ́ríkà tàbí Ṣáínà. Ẹ̀kẹta ni ajẹ́ǹtì tí kò ní ọkọ̀ kankan. Àwòrán orí WhatsApp ló ní.

Dílà tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí kì í ní àyè láti yọ owó rẹpẹtẹ. Ibì kan náà lòun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọjà, iye wọn kì í sì í jìnnà síra. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wá, tó yọ náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún yín, ẹ ti ṣe dáadáa. Wáráńtì lẹ ń bá lọ síbẹ̀. Ti Toyota níbí jẹ́ ọdún 3 tàbí kìlómítà 100,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Bí kọ̀ǹpútà jíà bá kú lóṣù kẹjọ, àwọn ló máa pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Àmọ́ wáráńtì kì í dá dúró. Bí ẹ kò bá ṣe sáfíìsì lásìkò níbi tí wọ́n fọwọ́ sí, tí wọn ò sì lu òǹtẹ̀ sínú ìwé sáfíìsì, wọ́n lè yínmú sí yín lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọkọ̀ padà. Kí ẹni tó ń gbé Egbe bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé mo máa lè gbé ọkọ̀ yìí dé Ìlọrin tàbí Abuja ní gbogbo ìgbà tí sáfíìsì bá pé? Ẹni tó mọ̀ pé mẹkáníìkì àdúgbò lòun máa padà sí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó má fi owó gọbọi ra wáráńtì tí kò ní lò. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni nípa ọkọ̀ kì í sọ èyí, torí pé wọ́n ń kọ ọ́ fún ẹni tí ọgbà sáfíìsì wà ní òpópónà kejì sí i.

Oníṣọ́ọ̀bù aládàáni ló dá iye lé ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, torí náà àyè ìnájà gbòòrò níbẹ̀. Ó lè yọ náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wáráńtì tó bá fún yín, ti ẹnu ara rẹ̀ ni. Dílà tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ níbí kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ náà sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Ti Amẹ́ríkà ń fi máìlì ka ìrìn. Rédíò ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Japan ń bẹ̀rẹ̀ láti 76 lórí FM, ó sì máa ń dúró kó tó dé ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò wa wà. Èyí kékeré ni. Èyí tó tóbi ni pé «tuntun» lẹ́nu wọn lè jẹ́ ọkọ̀ tó ti jókòó sí pápá fún ọdún méjì.

Nọ́ńbà ṣáṣí ló máa tú u fó. Àmì 17 ló sábà máa ń jẹ́, kò sì sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀: J fún Japan, K fún Kòríà, L fún Ṣáínà, 1, 4 tàbí 5 fún Amẹ́ríkà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ọdún: P ni 2023, R ni 2024, S ni 2025, T ni 2026. Bí wọ́n bá pe ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní ti 2025 tí ẹ sì rí P níbẹ̀, ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ tà fún yín gẹ́gẹ́ bíi tuntun. Ẹ má bá a jà. Iye ọkọ̀ 2023 ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Dubai tàbí Japan lè má tẹ̀lé ìlànà àmì kẹwàá yìí, nítorí náà ẹ wo déètì tó wà lára bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ fa bẹ́líìtì náà jáde títí dé ìsàlẹ̀. Àkọlé kékeré kan máa ń wà lára aṣọ rẹ̀ tí oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀. Àwọn tó ń pa déètì táyà rẹ́ kì í sábà rántí bẹ́líìtì.

Ní ti ajẹ́ǹtì, àwọn àgbà ti sọ ọ́: alágbàtà tí í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Owó tirẹ̀ ti wà lórí iye tó pè fún yín, ẹ kò sì lè mọ bó ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ kan ló wúlò fún, ìyẹn ni pé ó mọ ọgbà tí irú ọkọ̀ tí ẹ ń wá wà. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ bá a dá iye kan pàtó fún ìwákiri, kí ẹ sì bá onílé ọjà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó.

Abuja, Ìlọrin tàbí Èkó?

Kabba sí Abuja tó bíi kìlómítà 280, nípasẹ̀ Obajana àti Lokoja. Èèyàn lè jáde ní ìdájí kó sì wakọ̀ tuntun wálé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe èyí tí a ń fi ọkọ̀ tí kò tíì ní nọ́ńbà rìn lóru. Ìlọrin súnmọ́ ará Yàgbà, Yorùbá lẹ ó sì fi nájà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ kì í pọ̀ tó ti Abuja. Wọ́n lè ní kí ẹ sanwó kí wọ́n tó gbé e láti Èkó wá. Èkó ló ní ọjà jù, ibẹ̀ sì ni iye máa ń kéré jù lójú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Àpẹẹrẹ la fi àwọn iye yìí ṣe, kì í ṣe iye ọjà òní. Ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, lọ́wọ́ òǹtajà mẹ́ta:

| | Dílà, Abuja | Aládàáni, Abuja | Dílà, Èkó |
|---|---|---|---|
| Ọkọ̀ | ₦40,000,000 | ₦42,000,000 | ₦39,500,000 |
| VAT 7.5% | ₦3,000,000 | ó wà nínú rẹ̀ | ₦2,962,500 |
| Nọ́ńbà àti pátíkúlà | ₦350,000 | ₦350,000 | ₦350,000 |
| Ọkọ̀ èrò, epo, awakọ̀, ibi ìsùn | ₦80,000 | ₦80,000 | ₦400,000 |
| Sáfíìsì mẹ́ta àkọ́kọ́ | ọ̀fẹ́ | ₦450,000 | ọ̀fẹ́ |
| Iye àdélé | ₦43,430,000 | ₦42,880,000 | ₦43,212,500 |

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójú ìwé, aládàáni ló wọ́n jù, ó fi mílíọ̀nù méjì ju dílà Abuja lọ. Nígbà tí a ṣírò tán, òun ló rọjú jù, ó fi ₦550,000 kéré sí i. Ti Èkó tí wọ́n fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dín kù sí ti Abuja, ₦217,500 péré ló kù nínú àǹfààní rẹ̀ kó tó dé Kabba, ẹ sì ti sùn mọ́jú lọ́nà níbẹ̀.

Èwo lẹ máa mú? Lójú tiwa, ₦550,000 kò tó láti fi pààrọ̀ wáráńtì ọdún mẹ́ta lórí ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù mẹ́tàlélógójì, fún ẹni tó máa lè gbé e lọ sí sáfíìsì. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ti Èkó kò yẹ fún ìrìn-àjò rárá, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wúlò gan-an: òun lẹ máa gbé síwájú dílà Abuja pé kó yọ ₦250,000. Bó bá yọ ọ́, ti Abuja ti di ₦43,180,000, ó ti rọjú ju ti Èkó lọ, ẹ kò sì tíì kúrò ní Abuja.

Ìnṣọ́ránsì kò sí nínú tábìlì náà nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìfiwéra padà. Láti 2023, third party ọkọ̀ ara-ẹni, èyí tó ń sanwó ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, di ₦15,000. Comprehensive, èyí tó kan ọkọ̀ tiyín náà, kò sì gbọdọ̀ dín sí náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Lórí ọkọ̀ mílíọ̀nù 40, mílíọ̀nù 2 nìyẹn. Bí dílà bá ní òun máa bá yín ṣe é ní mílíọ̀nù 2.6 «pẹ̀lú ohun gbogbo», ẹ ní ẹ ó ṣe é fúnra yín.

Ti nọ́ńbà náà ní ìdí tó fi yẹ ká dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ dílà máa ń fi «owó ìwé» kan ṣoṣo kún un láìtú u palẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé rodiwọ́tì, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Kabba, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ti dílà bá fi ìlọ́po méjì jù ú lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìnájà, kí ẹ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ nílé. Nọ́ńbà ibikíbi ló bófin mu káàkiri Nàìjíríà, àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí ti ajẹ́ǹtì forúkọ sílẹ̀ «fúngbà díẹ̀». Yíyí orúkọ padà lẹ́yìn náà ní owó tirẹ̀, ọkọ̀ yín á sì ti di ọkọ̀ ẹni kejì lójú ìwé.

Bí ẹ ṣe máa nájà

Bí ìyá oníṣu lọ́jà Kabba bá pe iṣu ní 20,000, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti 12,000, kí wọ́n pàdé láàárín, kí inú àwọn méjèèjì sì dùn. Ọkọ̀ tuntun kò gba irú ìdúnàádúrà yẹn. Ẹni tó bá pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 40 ní mílíọ̀nù 28, atajà á kàn rẹ́rìn-ín, á sì padà sórí fóònù rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi náírà méje nínú ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ìwé yẹn ni proforma, ìyẹn ìwé tí òǹtajà ń kọ iye ọjà sí kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ tó fi ilé sílẹ̀, ẹ bá òǹtajà mẹ́ta ó kéré tán sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n fi proforma ránṣẹ́ lórí bébà tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́. Ọjọ́ kan náà ṣe pàtàkì, nítorí pé dọ́là ló ń darí iye ọkọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, iye ọjọ́ Ajé lè má jẹ́ ti ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà ni orúkọ ọkọ̀ àti ẹ̀yà rẹ̀ gan-an, ọdún rẹ̀, nọ́ńbà ṣáṣí bí ọkọ̀ bá ti wà nílẹ̀, VAT lọ́tọ̀, iye ọjọ́ tí iye náà fi dúró, ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ lé yín lọ́wọ́, àti wáráńtì. Ẹ̀yà ọkọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú fò. Orúkọ kan náà lè ní ẹ̀yà mẹ́ta: ọ̀kan ní àpò afẹ́fẹ́ méjì, òmíràn ní mẹ́fà, ìjókòó ọ̀kan jẹ́ aláṣọ, ti òmíràn jẹ́ aláwọ, ọ̀kan ní kámẹ́rà ẹ̀yìn, òmíràn kò ní. Bí ìyàtọ̀ iye bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láàárín dílà méjì, ẹ̀yà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ ìnájà, ọ̀rọ̀ lè lọ báyìí:

«Ẹ kúuṣẹ́, ọ̀gá. Mo ti gba ìwé láti Èkó lórí ọkọ̀ yìí kan náà, òun nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbogbo owó tí mo máa san kí n tó gba kọ́kọ́rọ́?»

«Màdáámù, iye tó wà lórí ìwé nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ló dá a, a ò lè yí i padà.»

«Ó yé mi, sà. Bí ẹ ò bá lè yọ níbi ọkọ̀, ẹ wo ibi owó ìwé àti sáfíìsì. Bó bá bọ́ sí mílíọ̀nù 43 géérégé, mo máa sanwó lónìí.»

Lẹ́yìn èyí, ẹ dákẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti fi dí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ló máa ń fi owó kún un. Atajà á ní òun fẹ́ bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀. Bó bá padà pẹ̀lú iye tuntun, ẹ ní kó kọ ọ́ sórí proforma tuntun. Iye ẹnu kì í ṣe iye. Bí kò bá sì yẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Bí ọkọ̀ náà kò bá yá lọ́wọ́ wọn, wọ́n á pè.

Bí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ lè san lóṣù, ẹ má dáhùn. Ẹni tó bá ní «mo lè san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin lóṣù» ti sọ ọ̀rọ̀ di ti oṣù. Wọ́n á fa ọdún gùn títí owó oṣù á fi bá tirẹ̀ mu, iye ọkọ̀ á sì ti fò lọ. Ohun kan náà ni ti ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe pààrọ̀. Ẹ parí iye ọkọ̀ tuntun kí ẹ tó mẹ́nu kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí wọ́n bá yọ lápá kan ni wọ́n máa fi rọ́pò lápá kejì. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣì dára, ẹ tà á fúnra yín ní Kabba tàbí Lokoja. Ó máa ń pawó ju ti dílà lọ.

Àsìkò náà ní ipa tirẹ̀. Oṣù Kejìlá tí gbogbo ọmọ ilé ń múra àtiwálé ni ọjà máa ń yá jù. Atajà kò ní ìdí láti yọ owó. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dára jù, pàápàá fún ọkọ̀ ọdún tó kọjá tó ṣì wà nílẹ̀: lójú ìwé, ó ti fi ọdún kan dàgbà láìkúrò lójú kan. Níbẹ̀ ni èèyàn ti lè béèrè náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún láìtijú. Ìparí oṣù náà kò burú, nítorí pé atajà tó ní iye ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ tà lóṣù máa ń rọ̀ nígbà náà.

Bí ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ kan náà, ẹ lọ pọ̀. Iye tí dílà ń fún ẹni tó ra ọkọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kan, ó sì máa ń ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹnu nájà gbà.

Owó pátá, alájẹṣẹ́kù tàbí báńkì?

Owó pátá ló lágbára jù níbi ìnájà, àmọ́ ẹ má kó o sínú báàgì. Òfin tó ń dènà fífi owó ẹ̀gbin pamọ́, ti 2022, kò gba kí ẹnì kan san ju mílíọ̀nù 5 lọ ní owó bébà. Fún ilé-iṣẹ́, mílíọ̀nù 10 ni. Yàtọ̀ sí òfin, ojú ọ̀nà kò gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Báńkì ni kí ẹ gbà san án, sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lórí proforma gẹ́lẹ́. Atajà tó bá fún yín ní àkáǹtì ara rẹ̀ «kó lè yá», ẹ dìde.

Ẹ̀yáwó ni ibi tí owó ti máa ń ṣófò jù, ju ohunkóhun tí ẹ lè nájà yọ lọ. Ẹ gbà pé ẹ yá mílíọ̀nù 20 fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n ní èlé jẹ́ 30% lọ́dún. Bí èlé bá wà lórí gbèsè tó kù lóṣooṣù, ẹ ó máa san nǹkan bíi ₦849,000 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 30.6. Bó bá jẹ́ pé orí mílíọ̀nù 20 náà ni èlé dúró sí títí tí ọdún mẹ́ta fi pé, láìka ohun tí ẹ ti san, ₦1,055,556 ni lóṣù, mílíọ̀nù 38 lápapọ̀. «30%» kan náà ni wọ́n pè é níbi méjèèjì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju mílíọ̀nù 7 lọ. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n nìyí: èló ni àròpọ̀ gbogbo ohun tí mo máa ti san nígbà tí mo bá parí? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú owó ìṣètò ẹ̀yáwó àti ìnṣọ́ránsì tí báńkì máa fi dandan lé e.

Alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ sábà máa ń gba èlé tó kéré sí ti báńkì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé owó lè má tó ọkọ̀ tuntun, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ó tò fún oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá lè fi ti alájẹṣẹ́kù kún ohun tí ẹ ní lọ́wọ́, tí báńkì kò sì wọ̀ ọ́ rárá, ọkọ̀ tó kéré díẹ̀ tí kò ní gbèsè báńkì lọ́rùn sàn ju èyí tó tóbi lọ.

Ní ti àsansílẹ̀: bí ọkọ̀ kò bá sí nílẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ san díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá. Kó tó di pé ẹ san án, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: pé iye kò ní yí padà títí ọkọ̀ fi máa dé, ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé, àti pé gbogbo owó máa padà sọ́wọ́ yín bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀. Dílà tó kọ̀ láti kọ ti àkọ́kọ́ ń sọ fún yín pé dọ́là ni kí ẹ bá ta tẹ́tẹ́. Bí ìjà bá dé lẹ́yìn náà, FCCPC ni àjọ tí òfin 2018 gbé ẹjọ́ oníbàárà lé lọ́wọ́, ìwé yìí sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Èèní tó tó owó

Nígbà tí dílà kò bá lè yọ owó mọ́, ó ṣì lè fi nǹkan lé e. Kì í ṣe gbogbo èèní ló wúlò. Sáfíìsì mẹ́ta ọ̀fẹ́, epo ẹ́ńjìnnì àti fílítà nínú rẹ̀, lówó lórí. Epo tó kún táǹkì, fáyà ẹkísítíńgúíṣà àti àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà máa béèrè, wọ́n kéré ṣùgbọ́n ẹ ó rà wọ́n bí wọn kò bá fún yín. Irin tó ń dáàbò bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ju gbogbo wọn lọ fún ẹni tó ń rin ọ̀nà Kabba sí Egbe. Bí kò bá sí lábẹ́ ọkọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Àwọn tí ẹ lè kọ̀ ni tíńtì tí ẹ kò ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá fún, ìda dídán tí wọ́n máa kà sí ₦200,000, àti tírákà tí owó oṣù rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Bí wọ́n bá ti kọ ọ̀kan nínú wọn sórí ìwé owó láìbéèrè lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́

Ẹ yẹ ọkọ̀ wò lójúmọmọ, nígbà tí kò bá tutù fún òjò tàbí omi fífọ̀. Omi máa ń bo ìlà ọ̀dà mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà ṣáṣí gbọ́dọ̀ bára mu níbi mẹ́ta: abẹ́ gíláàsì iwájú, òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, àti ìwé. Mítà tuntun máa ń ní kìlómítà díẹ̀ lórí. Bó bá lé ní 700, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wà á láti Èkó wá sí Abuja. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ sì lè fi nájà.

Lára táyà, ẹ wá àmì DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún. 3524 ni ọ̀sẹ̀ 35 ti 2024. Ẹ wo gbogbo márààrún, ti àfikún pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó bá jókòó pẹ́ lójú kan, táyà rẹ̀ máa ń tẹ́ níbi tó fi kan ilẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ̀n lórí eré. Bátìrì tó bá kú léraléra kì í padà sí ipò rẹ̀ mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ chájì rẹ̀. Eku náà máa ń wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ jẹ wáyà. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi iná fóònù wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Bí táyà bá ju ọdún méjì lọ, ẹ béèrè fún tuntun tàbí kí wọ́n yọ owó rẹ̀. Ibi yìí ni ìnájà kejì wà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀ nítorí pé ayọ̀ ọkọ̀ tuntun ti gba ojú wọn.

Ẹ wo orí nọ́ọ̀tì tó mú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn. Bí ọ̀dà orí rẹ̀ bá ti họ, ẹnì kan ti tú u rí. Ẹ fọwọ́ ra etí rọ́bà gíláàsì. Ọ̀dà tó ta sórí rọ́bà, ilé-iṣẹ́ kọ́ ló kùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, ẹ tan éésì, ẹ tẹ jíà ẹ̀yìn kí kámẹ́rà yọ, ẹ wà á jáde tó kìlómítà márùn-ún. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì lórí eré 60 níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú. Kò gbọ́dọ̀ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn nǹkan tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ méjì, táyà àfikún, jáàkì, sípánà rẹ̀, ìwé ìlò ọkọ̀, ìwé sáfíìsì tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ọjọ́ òní sí, rìsíìtì tó ní VAT lọ́tọ̀, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bí ọkọ̀ bá ti òkè òkun wá. Wọ́n á gbé ìwé kan síwájú yín pé ẹ ti gba ọkọ̀ ní pípé. Bí kọ́kọ́rọ́ kejì kò bá sí níbẹ̀, tí wọ́n ní «a máa fi ránṣẹ́ sí Kabba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀», ẹ kọ ọ́ sára ìwé náà pẹ̀lú ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé, kí atajà fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó jókòó sídìí ọkọ̀.